Èló Ló Ń Jẹ́ "Ó Tó"?

Ẹni tó bá ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, kò sí ohun tí wọn kì í bi í. Wọn á bi í ní ti òṣèlú, wọn á bi í ní ti oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, wọn á sì bi í ní ti ẹ̀rọ, bí ẹni pé gbogbo ohun tí a bá kọ náà la mọ̀ dé ìdí. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń bi mí láti bí ọdún mélòó kan nìyí: "Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ rà sílé, èló gígì ló yẹ kí RAM rẹ̀ jẹ́? Ṣé mẹ́rin tó? Àbí kí n ra mẹ́jọ? Ẹni tó ń tà á ní mẹ́rìndínlógún layé ń lò báyìí."

Ìbéèrè kékeré ni lójú. Ẹni tó bá fẹ́ yára dáhùn á dárúkọ iye kan, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ahun àti àpà ló wà nídìí ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ kankan dé. Kí là ń pè ní "ó tó"? Ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé ẹni tí kò bá mọ̀. Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí, àwọn èèyàn a sì máa pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan dà bí àpótí ńlá tí télọ̀ ń kó aṣọ oníbàárà sí, èkejì dà bí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Aṣọ lè wà nínú àpótí fún ọdún kan, ọdún méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí télọ̀ fẹ́ gé lónìí, orí tábìlì ló gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ sí. Tábìlì yẹn ni RAM, òun náà ni ìrántí kọ̀ǹpútà. Bí tábìlì bá fẹ̀, á lè tẹ́ aṣọ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá fẹ̀, á máa ká ọ̀kan padà sínú àpótí kó tó tẹ́ òmíràn, á máa lọ, á máa bọ̀, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yín nìyẹn nígbà tí ẹ bá tẹ nǹkan tí kò dá yín lóhùn: ó ń sáré lọ sídìí àpótí ni. Bí iná bá sì lọ lójijì tí bátìrì kò sí, gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ti dàwátì, àfi èyí tí ẹ bá ti kó pamọ́. Ẹni tó ń gbé nílẹ̀ wa kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa. Ní ọdún 1981, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Sinclair ZX81. Bí 70 pọ́n-ùn ni wọ́n ń tà á. Ìrántí tó bá a wá kò ju kílóbáìtì kan lọ, ìyẹn àyè bí ẹgbẹ̀rún kan lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínrọ̀ tábìlì télọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yẹn kò ní gba inú ẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Horne kọ eré chess sínú kílóbáìtì kan ṣoṣo yìí. Kì í ṣe gbogbo òfin eré náà ló wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń bá èèyàn ta á. Lọ́dún 1982, Commodore 64 dé láti Amẹ́ríkà, iye ìrántí inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: 64 kílóbáìtì. Àwọn èèyàn fi kọ lẹ́tà, wọ́n fi ṣírò owó ilé, àwọn ọmọ wọn sì fi ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan kékeré nìkan ni wọ́n ń fi ìrántí kékeré ṣe. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọkọ̀ tó gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sínú òṣùpá ní July 1969, tábìlì iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju bíi kílóbáìtì mẹ́rin lọ. Ti àpótí rẹ̀, ọwọ́ làwọn obìnrin fi hun ún nílé iṣẹ́ kan ní Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wáyà nínú òrùka kéékèèké, bí ẹni ń hun aṣọ òfì. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹ̀rọ náà, àyè há mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ṣùgbọ́n kò dákú. Ó ju iṣẹ́ tí kò kánjú sílẹ̀, ó di èyí tí ẹ̀mí èèyàn so mọ́ mú, nítorí pé àwọn tó kọ ètò tó ń darí rẹ̀ ti jókòó tẹ́lẹ̀, wọ́n ti rò ó pé bí àyè bá há, kí ni a óò kọ́kọ́ gbé kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn tó jókòó rò ó yẹn sọ́kàn. Àwọn ni mo ń wá lónìí tí n kò rí.

Ọdún 1981 yẹn kan náà ni IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọ ọjà. Ẹ̀rọ náà kò lè ka ìrántí tó ju mẹ́gábáìtì kan lọ, 640 kílóbáìtì nínú rẹ̀ sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí èèyàn bá fẹ́ ṣe. Láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń sọ kiri pé Bill Gates ti Microsoft ní 640 kílóbáìtì tó ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ti sẹ́ títí, ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò gbọ́, wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an? Kì í ṣe iye náà. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé ẹnì kan lè dìde láàárín ọjà kó ní nǹkan tó. Láyé tiwa, ẹni tó bá sọ pé ó tó, ọ̀lẹ ni, tàbí kó jẹ́ pé owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ ẹ̀: àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò ní kí eku má kọ́lé, wọn ò sì ní kó lọ kọ́ ilé erin.

Kọ̀ǹpútà 16 gígì tí wọ́n ń polówó fún ìyá ọmọ tó fẹ́ máa kọ lẹ́tà lónìí, ìrántí rẹ̀ ju ti ZX81 lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún. Ṣé lẹ́tà náà ti dára sí i tó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo, kí n má dà bí àgbàlagbà tó ní ìgbà tòun ló dára jù. Àlékún yìí, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ìnákúnàá. Àwòrán ẹyọ kan tó kún ojú kọ̀ǹpútà òde òní, àmì tín-tìn-tín 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì mẹ́rin, ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ báìtì lọ. Àwòrán kan ṣoṣo nìyẹn o, ó sì ti ju gbogbo ìrántí Commodore 64 lọ ní ìlọ́po ọgọ́fà àti jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ tó wà ní London kedere bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kò lè fi òṣùwọ̀n 1982 rí i.

Ọ̀kan wà tó tún kan àwa gan-an. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan ní 1963 lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa mọ lẹ́tà, àyè 128 péré ni wọ́n là sílẹ̀. Ìrántí wọ́n nígbà náà, wọ́n ń ṣọ́ ọ ná. A, B, C wà níbẹ̀, àmì dọ́là wà níbẹ̀. Ẹ, Ọ, Ṣ kò sí. Àmì ohùn orí lẹ́tà kò sí. Wọ́n ka ohun tó tó, ó sì tó wọn. Àwa la kò sí nídìí àwo nígbà tí wọ́n ń kà á. Mo rántí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, a óò tẹ àpilẹ̀kọ Yorùbá jáde lórí kọ̀ǹpútà ní ṣákálá, a óò wá mú báírò, a óò máa fi ọwọ́ kán àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta epo sí àkàrà. Ìgbà tí ìrántí pọ̀ tí wọ́n sì gbé Unicode kalẹ̀ ní 1991 ni wọ́n tó rí àyè fún èdè gbogbo ayé. Bí a ti ń kọ ọ́ pa mọ́ báyìí, "ọ̀rẹ́" lè gba báìtì mọ́kànlá, tí ti Gẹ̀ẹ́sì kò sì ju mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èdè wa ń jẹ ìrántí ju tiwọn lọ. Ẹni tó bá ní àpà nìyẹn, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ahun náà sì ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ níbòmíràn. Láti fi báìtì méjì pamọ́, àwọn tó kọ ètò ìṣirò nígbà ayé àwọn bàbá wa ń kọ ọdún ní nọ́ńbà méjì, 67 dípò 1967. Nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀, ẹ rántí ìpayà tó bá gbogbo ayé, àti owó tí àwọn báńkì àti ìjọba ná láti tún un ṣe. Àwọn tó fi báìtì méjì pamọ́, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlòmíràn ló san án.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ahun ò burú nítorí pé ó dín nǹkan kù, àpà ò sì burú nítorí pé nǹkan pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí a máa béèrè ni pé àpò ta lowó náà ti ń jáde. Àpà tí a mọ̀ láyé àtijọ́, ogún baba ẹ̀ ló ń ná. Bó bá ná an tán, òun náà ni yóò máa wo ojú ọ̀run. Àpà òde òní gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: owó tèmi àti tiyín ló ń ná.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ojúlé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí ló sábà máa ń yà yàrá tirẹ̀ fún. Chrome ti Google ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti jáde ní 2008. Ìyẹn ní ìdí: bí ọ̀kan bá wó, kò ní wó lu ìyókù, olè tó bá wà nínú ọ̀kan kò sì ní rọrùn fún un láti ráyè wọ èkejì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bíi Slack àti Discord ńkọ́? Ohun tí a ń fi wọ́n ṣe jù ni ká kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa. Síbẹ̀, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni odindi ètò ìwo-íntánẹ́ẹ̀tì wà, tí yóò ṣí nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí i. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ se ẹyin kan tó lọ gbé gbogbo ilé ìdáná wá sórí tábìlì, tí ẹnìkejì tó fẹ́ se tirẹ̀ náà tún gbé ilé ìdáná mìíràn wá. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò ju pé ó ń dín iṣẹ́ kù fún wọn: wọn á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́ lórí gbogbo irú kọ̀ǹpútà.

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Yaba sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àsìkò wa wọ́n ju RAM lọ. Bí a bá ní ká máa kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní rí i lò fún ọdún méjì sí i, owó ẹ̀ á sì ga." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo, mi ò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo wá bi í pé RAM ta ló pọ́ọ́kú? Ó dákẹ́. Mo ní, "Ẹ̀rọ tí ìwọ fi ń kọ ọ́, èló ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gígì méjìlélọ́gbọ̀n ni, ẹ̀gbọ́n." Abájọ! Ẹni tó gun ẹṣin, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀nà gbóná lẹ́sẹ̀?

Ẹsẹ̀ ta wá ni ọ̀nà ń jó? Ní ọdún 2023, bàbá kan ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pè mí. Kọ̀ǹpútà tokunbo 4 gígì ni wọ́n ní, wọ́n ń fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò fún ilé ìwé aládàáni kan, wọ́n sì ń kọ ìtàn àti oríkì ìlú wọn sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Akọ̀ròyìn, wọ́n ní kọ̀ǹpútà mi ti kú."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Ọmọ tó ń tà á ní Ìkẹjà. Ó ní, 'Dádì, èyí ti lọ o, gígì mẹ́rin ò ṣeé lò mọ́.' Ó ní kí n wá mú tuntun." Wọ́n rọra fi kún un pé àwọn ti ní owó kan nílẹ̀. Ìyàwó wọn ló là á yé mi lẹ́yìn tí wọ́n wọlé lọ: owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún ni.

Mo jókòó tì í. Ohun tí Bàbá ń kọ, gbogbo ìtàn ìlú náà lódindi, kò tó mẹ́gábáìtì kan. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ wọn ti ṣí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá sílẹ̀, àwọn ètò mẹ́ta kan sì wà tí ń dìde fúnra wọn ní kété tí ẹ̀rọ bá tan, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn ló jókòó sórí tábìlì. Bàbá tó ni iṣẹ́ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ilé ara wọn. Mo lé àwọn àlejò náà jáde, a gbé ẹ̀rọ lọ sí òpópónà Otigba, ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe tú ẹ̀yìn ẹ̀, ihò kan ṣófo níbẹ̀, ó fi RAM àlòkù 4 gígì mìíràn sí i. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti tuntun rárá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ojú náà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé ọ̀rọ̀ òǹtajà kan ṣoṣo nìyẹn. Ọmọ yẹn kò purọ́ tán, ẹ̀rọ náà ń falẹ̀ lóòótọ́. Windows 11 tí Microsoft gbé jáde ní 2021, 4 gígì ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lò ó pẹ̀lú 4 gígì mọ̀ pé kí ẹ̀rọ ṣí jẹ́ ọ̀tọ̀, kó ṣeé bá ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀. Niklaus Wirth, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland tó dá èdè Pascal sílẹ̀, ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1995, pé bí ẹ̀rọ ṣe ń yára tó, ètò tí wọ́n ń kọ fún un ń wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kú ní January 2024, ariwo náà kò tíì wọ etí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń bo àpà láṣìírí ni pé owó ìrántí ń wálẹ̀. Bí wọ́n ti ń ná an là ń rí i rà. Àmọ́ ní ìparí ọdún 2025, nǹkan yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ọpọlọ àtọwọ́dá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrántí bí ẹni ra gaàrí nígbà ọ̀dá, owó tiwa tí a fẹ́ rà fún ilé sì fò sókè. Tálákà tí kò ní ibi tó ti fẹ́ fi àpà ṣe ló tún wá ń du ọjà kan náà pẹ̀lú ọlọ́rọ̀ ayé. Wọ́n tún wá ní ọgbọ́n mìíràn: ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ òde òní, wọ́n ti jó ìrántí wọn mọ́ inú ẹ̀ pa. Ihò tó ṣófo bíi ti Bàbá yẹn kò sí níbẹ̀. Iye tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ óò lò títí ẹ̀rọ náà á fi kú, nítorí náà ẹ̀rù á bà yín, ẹ óò ra èyí tó pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò. Apple gan-an, àyàfi ní October 2024 ni wọ́n tó gbé èyí tó kéré jù nínú MacBook Air kúrò ní 8 gígì bọ́ sí 16 láìfi owó kún un. Ẹni tó ra 8 lóṣù kan ṣáájú kò lè fi ohunkóhun kún tirẹ̀.

Iye tí ẹ ní kí n sọ ńkọ́? Ẹ gbà á bí èrò tèmi. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà, tó ń ṣírò owó ọjà, tó ń wo ìsìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 8 gígì tó o. Bó bá jẹ́ ẹni tí ojúlé ogún ń ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, tàbí tó ń tún àwòrán ṣe, kó wá 16. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, irinṣẹ́ oníṣẹ́ ni, ti àwọn tó ń gé fíìmù àti irú wọn, kì í ṣe ohun èlò ilé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jókòó sídìí èyí tí ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojúlé kan á yọ tí yóò to gbogbo ètò tó wà lórí tábìlì yín sílẹ̀, àti ìwọ̀n àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, tí ẹ kò sì pè, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì wá dé ọjà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí òǹtajà sọ fún yín, kí ẹ tó yọ owó, bóyá ihò kan ṣófo lẹ́yìn ẹ̀rọ náà àbí wọ́n ti jó o pa.